Eérú Iná àti Ọmọ Ọ̀gẹ̀dẹ̀: Nígbà tí Balógun Ẹgbẹ́ Bọ́ọ̀lù Bá Ń Lọ

Òwe tó sọ pé “Iná kú, ó feérú bojú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fọmọ rẹ̀ rọ́pò” kì í wọ́n lẹ́nu àwọn àgbà nígbà tí wọ́n bá ń tu ọmọ olókùú nínú, ìlò yìí sì ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ìtùnú nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá tú òwe náà wò fínnífínní yóò rí i pé ohun méjì ló kú nínú rẹ̀, ikú méjèèjì kò sì jọra, nítorí eérú kì í se ọbẹ̀, kì í sì í tan ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ yóò dàgbà, yóò sì so. Òwe kan ṣoṣo ló di àdánù àti ìrètí pọ̀ sínú ẹrù kan, tí kò jẹ́ kí ọ̀kan pa èkejì rẹ́, bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni ọkàn àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ṣe máa ń rí ní ọjọ́ tí balógun tó ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ wọn bá fẹ́ lọ.

Balógun ẹgbẹ́, tí àwọn ọ̀dọ́ Múṣin àti Yábà ń pè ní kápútéènì, ni agbábọ́ọ̀lù tó ń so ọ̀já mọ́ apá, tó ń bá rẹfirí sọ̀rọ̀ lórúkọ àwọn mẹ́wàá yòókù, tó sì ń kọ́kọ́ jẹ èébú nígbà tí nǹkan bá wọ́. Bí ó bá pẹ́ lórí oyè yìí, orúkọ rẹ̀ àti ti ẹgbẹ́ á di ìbejì, ẹni tó bá pe ọ̀kan ti pe èkejì. Ìdí nìyí tí lílọ rẹ̀ fi ń mú èébú àti ẹkún jáde lẹ́nu ènìyàn kan náà: yóò ní ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ti wúwo, kó lọ sinmi, yóò sì tún bi ẹni tó jókòó tì í pé ta ni yóò wá máa kígbe mọ́ àwọn ọmọdé wọ̀nyí báyìí.

Kò sí ibi tí èyí ti hàn sí ará Mainland ní Èkó bíi Pápá Ìṣeré Orílẹ̀-Èdè ní Sùúrùlérè, níbi tí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, tó jẹ balógun rí, ti gba ògo, tó sì ti gba ìgbẹ̀yìn tó korò. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i ní 1952, Jos ló ti dàgbà, ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Pólì Ìbàdàn, ẹgbẹ́ Shooting Stars ti Ìbàdàn, tí wọ́n ń pè ní IICC nígbà kan, ló sì gbá bọ́ọ̀lù fún títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ernest Okonkwo, ògbóǹtarìgì sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lórí rédíò, ló fún un ní orúkọ “Mathematical”, ìyẹn onímọ̀ ìṣirò, nítorí ó dà bí ẹni pé Ọdẹ́gbàmí ti ṣírò ibi tí bọ́ọ̀lù máa balẹ̀ sí kí ó tó fẹsẹ̀ kàn án. Ó wà nínú ikọ̀ Shooting Stars tó gba ife ẹ̀yẹ kan láàárín àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà ní 1976, èyí tí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan kò gbà rí ṣáájú wọn. Nígbà tó sì di ọjọ́ 22 oṣù Ẹrẹ́nà, ọdún 1980, nínú àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Àwọn Orílẹ̀-Èdè Áfíríkà, òun ló gbá méjì wọlé nínú gòólù mẹ́ta tí Nàìjíríà fi na Algeria lórí koríko Sùúrùlérè, Múdà Lawal sì gbá ẹ̀kẹta.

Orí koríko yẹn kan náà ló ti parí iṣẹ́ ní 1984. Shooting Stars pàdé Zamalek ti Íjíbítì nínú àṣekágbá ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tó gba líìgì ní Áfíríkà. Zamalek ti nà wọ́n ní 2-0 ní Kérò, Sùúrùlérè ló sì kù tí wọ́n ń wò, ṣùgbọ́n àlejò tún gbá ọ̀kan wọlé, onílé kò sì rí ọ̀kan san. Ìyẹn ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí Ọdẹ́gbàmí gbá kẹ́yìn. Ẹni tó bá wà nínú pápá náà ní 1980, tó sì tún wà níbẹ̀ ní ọjọ́ yìí, ń wo ẹni tó fún un láyọ̀ jù lọ bó ti ń rìn jáde nígbà tí ẹlòmíràn ń gbé ife. Olólùfẹ́ Stationery Stores náà wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ ọmọ Èkó tó jẹ́ abánidíje Shooting Stars láti ọjọ́ pípẹ́, tí kò yẹ kó bá ará Ìbàdàn káàánú, tí kò sì lè gbàgbé pé ará Ìbàdàn yìí ló gbá bọ́ọ̀lù méjì yẹn sáwọ̀n fún gbogbo Nàìjíríà. Eérú tó bo ojú iná nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀ pé nǹkan kan kò sọnù. Lẹ́yìn ìjákulẹ̀ náà, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tó ni ẹgbẹ́ náà, tú u ká, bí ìgbà tí ẹni tí inú ń bí sí ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan bá gé gbogbo ọgbà lulẹ̀. Ìpinnu tí kò bọ́gbọ́n mu ni.

Síbẹ̀, eérú ní iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn ìyá tó ń fi igi dáná máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi eérú bo ẹ̀yín iná lálẹ́, kí ó má bàa jó tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Láàárọ̀, wọ́n á gbá eérú náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á fẹ́ ẹ, iná á sì tún ràn. Irú ìbojú bẹ́ẹ̀ ni ayẹyẹ ìdágbére. Ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Múṣin, níbi tí wọ́n ti ń sanwó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú tẹlifíṣọ̀n, tí jẹnẹrétọ̀ ń hó lẹ́yìn ògiri, àwọn olólùfẹ́ Chelsea, ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pọ̀ bí eṣú, ìpínyà balógun ẹgbẹ́ náà, John Terry, sì kàn wọ́n gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọjọ́ 21 oṣù Èbìbí, ọdún 2017, nígbà tí Chelsea ń na Sunderland ní 5-1, wọ́n mú un jáde ní ìṣẹ́jú 26, iye tó wà lẹ́yìn ẹ̀wù rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì tò sí ìlà méjì kó lè gba àárín wọn kọjá. Àwọn kan láyé bọ́ọ̀lù ní àṣejù ni. Mikel Obi, ọmọ Nàìjíríà tí kò jẹ balógun níbẹ̀, ti lọ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún kan náà lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 372, ẹnikẹ́ni kò sì to ìlà fún un lórí pápá. Bí àṣejù bá wà nínú ti Terry rárá, àìtó ni ti Mikel, iná rẹ̀ kò sì rí eérú tó pọ̀ tó.

Ẹni tó bá fẹ́ lóye apá kejì òwe náà gbọ́dọ̀ mọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ṣe ń hù. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń so, bí wọ́n bá sì ti gé èso rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ parí nìyẹn; ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń rú jáde ní ìdí rẹ̀ nígbà tó ṣì dúró, lábẹ́ òjìji ewé rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá dúró di ọjọ́ tí balógun ń dágbére kí ó tó máa wá arọ́pò ti pẹ́ jù. Olólùfẹ́ tó bá sì ń fi ẹsẹ̀ ẹni tó lọ wọn ẹsẹ̀ ẹni tó dé ń ṣẹ̀ sí àwọn méjèèjì, nítorí òwe kò sọ pé ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ di ìyá rẹ̀, ohun tó sọ ni pé ó rọ́pò rẹ̀.

Ní ìdí Ọdẹ́gbàmí, ọmọ kan ti ń rú. Ràṣídì Yẹkínì dé Shooting Stars ní 1982, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1984, kí ó tó kọjá sí Abiola Babes ní Abẹ́òkúta. Kò gbá bọ́ọ̀lù bíi ti Ọdẹ́gbàmí: ẹni àkọ́kọ́ rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ó ń fò létí ìlà, èkejì síngbọnlẹ̀, ó ń dúró sí gbàgede iwájú ilé gòólù, bọ́ọ̀lù sì ń ró gbìì lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Gòólù 37 ló gbá fún Nàìjíríà, ó ju ti Ọdẹ́gbàmí lọ. Ní ọjọ́ 21 oṣù Òkúdù, ọdún 1994, ní Dallas ní Amẹ́ríkà, ó ti bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n Bulgaria, gòólù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá nínú Ife Àgbáyé. Ó bá a lọ sínú ilé, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ ojú àwọ̀n náà, ó dì í mú gírígírí, ó sì ń ké tomijétomijé.