Ẹ̀kọ́ Òǹkọ̀wé

Ẹni tí ó bá gba Ṣàpọ́n kọjá ní Abẹ́òkúta kò ní ṣàì rí àwọn ọmọ iṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ọ̀kan jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ, òmíràn ń tú fóònù palẹ̀ lójú ọ̀gá rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dọ́ kan bá sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé òun fẹ́ lọ kọ́ bí a ti í kọ ìtàn àti ewì, ẹnu yóò yà wọ́n. Wọn a ní ẹ̀bùn Ọlọ́run ni ìwé kíkọ, pé ẹni tí a kò bá fún kò lè rí i rà.

Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní 1920, kò lò ju ọdún mẹ́fà lọ ní ilé ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ni ó kọ́, ó sì ṣe ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó. Síbẹ̀, ìwé rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard, tí a tẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952, di ohun tí a mọ̀ káàkiri ayé. Kò sí yunifásítì tí ó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n òun kan náà, nígbà tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kò kọ̀ láti lọ bá àwọn òǹkọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ní Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà ní 1983. Bí àgbà tí ó ti lórúkọ kò bá ka irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ sí àbùkù, kí ni yóò ti ọmọdé lójú níbẹ̀?

Láti 1936 ni yunifásítì náà ti ní ẹ̀ka tí a ti ń kọ́ àwọn tí ó fẹ́ gba oyè kejì nínú iṣẹ́ ìkọ̀wé. Ní àwọn yunifásítì mìíràn ní Amẹ́ríkà, ilé ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ìgbà ooru bá dé, gbogbo wọn a pé jọ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá. Olúkúlùkù a mú ohun tí ó kọ wá, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a kà á, wọn a sì sọ ibi tí ìtàn náà ti wọ́ àti ibi tí ó ti já. Ẹni tí ó kọ ọ́ a dákẹ́, a máa gbọ́.

Níbí gan-an ni èrè rẹ̀ wà, nítorí ọ̀tá méjì ni òǹkọ̀wé ní nílé: iṣẹ́ tí a ń rán an, àti ìyìn. Kò ní tíì kọ ìlà mẹ́ta tán tí wọn yóò fi ní kí ó wá dúró ti ìsọ̀. Bí ó bá sì parí ìtàn rẹ̀, ìyá rẹ̀ a ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ìyìn bẹ́ẹ̀ dùn létí, ṣùgbọ́n kì í tún gbólóhùn tí ó wọ́ ṣe.

Àwọn kan yóò wí pé owó ẹ̀kọ́ náà pọ̀, ọ̀nà rẹ̀ sì jìn. Wọn yóò ní ẹlòmíràn a lọ tán, a sì máa kọ ìtàn yìnyín tí kò mọ̀, kí ó lè tẹ́ àwọn àjèjì lọ́rùn. Wọn kò purọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà òkèèrè bá le, a kò ní torí rẹ̀ kọ ọ̀nà ìtòsí sílẹ̀. Ní Ìsẹ́yìn, ìlú tí a mọ̀ mọ aṣọ òfì, Dókítà Wálé Òkédìran dá ibùgbé àwọn òǹkọ̀wé, Ebedi, sílẹ̀ ní 2010. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni òǹkọ̀wé ń lò níbẹ̀ láìsan owó ilé, a sì máa fi ọ̀nà ìwé kíkọ han àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ìlú náà.

Ó yẹ kí Abẹ́òkúta náà ní irú rẹ̀ fún àwọn tí ń fi èdè Yorùbá kọ̀wé. Ìlú yìí ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní 1859. Ará òkèèrè tí kò gbọ́ èdè ẹni kò lè bá ni tún un ṣe. Títí ìgbà náà yóò fi dé, kí ọ̀dọ́ tí ó bá rí ààyè lọ, kí àwọn òbí má sì dí i lọ́nà. Kí ó sáà má lọ lọ́wọ́ òfo. Ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì rán nǹkan kan, kí ni ọ̀gá rẹ̀ yóò bá a tú?