Kí Katapílà Tó Dé Ló Yẹ Ká Pariwo

Nígbà tí wọ́n wó Ilojo Bar ní Tinubu Square l'Ékòó lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ariwo sọ. Àwọn èèyàn ń pín fọ́tò ilé náà kiri, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ilé tí ìdílé Fernandez, àwọn Àgùdà, kọ́ lọ́dún 1855 ti di àlàpà.

Ohun tó dùn wá jù ni pé ìjọba mọ ilé yẹn dáadáa. Láti ọdún 1956 ni wọ́n ti kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ọgọ́ta ọdún ni òfin fi wà lórí rẹ̀, síbẹ̀ ó wó. Ìdí nìyí tí a fi gbà pé ìkéde nìkan kò tó. Ilé tí èèyàn ń wọ̀, tí wọ́n ń gbá, tí wọ́n ń tún òrùlé rẹ̀ ṣe, ni kì í tètè wó.

Ẹ wo Jaekel House nínú ọgbà rélùwéè l'Ẹ́bùtẹ́ Mẹ́ta. Ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ ọ, nígbà tí wọ́n ṣì ń to irin ojú ọ̀nà rélùwéè bọ̀ wá sí Ìbàdàn. Lọ́dún 2010, ẹgbẹ́ Legacy 1995 tún un ṣe. Wọn ò tì í pa lẹ́yìn àtúnṣe. Wọ́n sọ ọ́ di mùsíọ̀mù kékeré tí èèyàn ti lè wo fọ́tò àtijọ́. Ilé náà níṣẹ́, ó sì wà níbẹ̀.

Àwọn kan nínú wa á ní, "Ilé òyìnbó amúnisìn, kí la fẹ́ fi ṣe?" Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdànù. Ṣùgbọ́n ta ló ru bíríkì? Ta ló kan pákó? Tí a bá wó irú ilé bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa bá a lọ, ẹ̀rí ohun tí ojú wọn rí náà sì bá a lọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn onílé ló ṣòro jù. Ilẹ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó lówó lórí. Tí ìjọba bá ní kí ìdílé kan má wó ilé wọn, tí kò sì fún wọn ní kọ́bọ̀ láti fi ṣe òrùlé tó ń jò, kí ni kí wọ́n ṣe? Ohun tí a ń fẹ́ ni kí ìjọba dá sí àtúnṣe, kí ó dín owó orí ilé bẹ́ẹ̀ kù, kí ó sì gbà wọ́n láyè láti fi ṣe ilé oúnjẹ, ilé ìtàwé tàbí ibi ìpàtẹ àwòrán.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ wa, irú ilé yìí lè wà ládùúgbò yín. Tí ẹ bá lọ sílé ní ìsinmi, ẹ yà á ní fọ́tò, kí ẹ sì bi àwọn àgbà léèrè ẹni tó kọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yíyàwòrán ilé, ẹ wọn yàrá rẹ̀ sórí ìwé. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti jáde, tẹ́ ẹ wà nílé iṣẹ́ ìjọba àti nílé ẹjọ́, ẹ bá wa sọ̀rọ̀ níbi tí ohùn wa ò dé.

Tí katapílà bá ti dé ẹnu ọ̀nà, fọ́tò nìkan ló máa kù.