Ẹ̀yin Tó Ń Bọ̀ Wá Wo Òkun Ìlàjẹ, Ẹ Gbọ́ Kí Ẹ Tó Wọkọ̀

Ẹ má fi ojú Èkó wo òkun Ìlàjẹ. Ẹni tó bá ti sáré kiri lórí iyanrìn Tarkwa Bay tàbí Elegushi rí, tó wá rò pé bákan náà ni yóò rí ní Zion Pepe, ìlú etí òkun wa níbí, ẹ̀mí ara rẹ̀ ló ń fi wewu. Bí Kérésì bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀ ni àlejò máa ń pọ̀ ní èbúté Igbókòdá: àwọn ọmọ wa tí a bí sí Bàrígà àti Ajah, àwọn ọ̀rẹ́ wọn, àwọn tó fẹ́ wo ilé orí òpó, àti àwọn tó fẹ́ mọ Ayétòrò, ìlú tí àwọn Àpọ́sítélì tẹ̀ dó lọ́dún 1947. Inú wa ń dùn láti rí yín. Òkú yín ni a kò fẹ́ gbà.

Láti Bàdágírì títí kọjá Lẹ́kì, iyanrìn ni etí òkun. Ẹ ṣì lè bá iyanrìn ní Òkun Aráròmí pàápàá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ń lọ síhà ìlà oòrùn, ẹrẹ̀ ló gba etí omi, ó sì lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ẹnu odò Benin, nǹkan bíi kìlómítà 75. Ìgbì ló ń gbé iyanrìn láti ìwọ̀ oòrùn bọ̀ lọ́dọ̀ wa, àmọ́ ọ̀gbun ńlá méjì wà nísàlẹ̀ òkun, Avon àti Mahin, tí wọ́n ń gbé e mì lójú ọ̀nà. Ẹrẹ̀ rírọ̀ ló kù fún wa.

Bí omi bá fà, ẹrẹ̀ yìí a máa jọ ilẹ̀ gidi lójú. Ẹ gbé ẹsẹ̀ lé e, ó di orúnkún. Ẹ fipá fa ẹsẹ̀ yẹn, èkejì a tún rì ju ti àkọ́kọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ omi tó fà yóò padà wá. Bí ó bá mú yín, ẹ má jà. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀ kí ara yín lè tẹ́ lórí rẹ̀, kí ẹ rọra máa yọ ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, kí ẹ sì figbe ta. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ibẹ̀ rárá, ì báà jẹ́ nítorí fọ́tò.

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé máàpù inú fóònù. Ilẹ̀ tó ń júwe lè ti wà nínú òkun. Ní Ayétòrò, omi ti gba òpópónà, ó gba ilé ẹ̀kọ́, ó gba ibi tí a sin àwọn baba wa sí. Ọdún 2004 ni NDDC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdàgbàsókè Niger Delta, ti gbé iṣẹ́ ìdènà òkun jáde fún agbaṣẹ́ṣe, ọ̀pọ̀ ọdún sì kọjá tí òkun ń wọlé tí kò sí ohun tó dá a dúró. Ó dùn wá gan-an. Àwọn òpó ilé tó wó, irin àti àfọ́kù kọnkéré, wọ́n ṣì wà lábẹ́ omi tí ojú kò rí wọn. Ẹni tó bá bẹ́ sómi níbẹ̀ kò mọ ohun tí òun ń bẹ́ lé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní ọmọ omi ni àwọn. Omi ọ̀sà ni ẹ mọ̀. Òkun yàtọ̀ sí i: ó ń da omi sí etíkun, omi yẹn sì ní láti padà. Ó lè gba ojú ọ̀nà tóóró kan padà, kó sì gbá ẹni tó bá lójú ọ̀nà náà lọ sínú agbami, eré rẹ̀ sì lè ju ti òmùwẹ̀ lọ. Ẹni tó bá kọjú sí ilẹ̀ tó ń bá a jà ni yóò rẹ̀, tí yóò sì rì. Ẹ lúwẹ̀ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbú etí òkun, títí ẹ ó fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án, nígbà tí ìgbì bá le, ẹ má wọ inú òkun rárá.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù. Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ohun tí a ń jókòó lé. Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ dè é, kí ọkọ̀ tó gbéra. Bí ọkọ̀ bá ti kún, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kódà bí ẹ ti sanwó. Ewéko tó ń léfòó lójú omi a máa lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Lọ́sàn-án awakọ̀ lè rí i kó yà fún un, lálẹ́ kò lè rí i, kò lè rí igi tó ń ṣàn bọ̀, kò sì lè rí ọkọ̀ mìíràn tí kò tan iná. Ìdí nìyẹn tí NIWA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìrìnnà ojú omi, fi ní kí ọkọ̀ èrò má rìn lálẹ́. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú bá yín ní Igbókòdá, ẹ sùn síbẹ̀. Zion Pepe yóò wà níbẹ̀ lọ́la.

Ẹ̀yin awakọ̀ wa àti ẹ̀yin olórí èbúté, ẹ dákun, ẹ má gbà kí ọkọ̀ kankan gbéra láìkọ orúkọ gbogbo èrò sílẹ̀, àtọmọ ọwọ́. Ẹ fi ìwé náà sílẹ̀ ní èbúté, kí ẹ pe ibi tí ọkọ̀ ń lọ, kí àwọn tó wà níbẹ̀ mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n rí i. Bí kò bá dé, kí wọ́n jáde lọ wá a lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì mọ iye èèyàn tí wọ́n ń wá.