Ohun Tí Àwọn Zulu Fi Lẹ́tà "b" Ṣe

Ẹni tó bá dé Johannesburg, ìlú tí àwọn Zulu ń pè ní eGoli, kò ní pẹ́ gbọ́ "sawubona" àti "yebo". Ìkíni ni ti àkọ́kọ́, "bẹ́ẹ̀ ni" ni ti ìkejì. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń ṣòwò ní Hillbrow àti Yeoville ló ti mọ méjèèjì sórí. Àmọ́ bí wọ́n ṣe ń pe "b" inú "bàtà" ni wọ́n ń pe "b" inú wọn, ibẹ̀ sì ni onílé ti ń dá àlejò mọ̀.

"b" ti Zulu yẹn yàtọ̀. Bí ètè bá ti pa dé, gògóńgò á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, tán-án-ná ọ̀fun á sì máa gbọ̀n lọ́wọ́. Àyè inú ẹnu á wá fẹ̀ sí i, débi pé bí ètè bá ṣí, afẹ́fẹ́ ìta ló máa ń fẹ́ wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ dán an wò, kó fi ìka lé gògóńgò rẹ̀, kó pa ètè dé, kó wá sọ "ba" bí ẹni tó fẹ́ yán. Ìka náà yóò bá gògóńgò lọ sílẹ̀.

Zulu nìkan kọ́ ló ni irú ìró yìí. Hausa ní i, òun ni wọ́n ń fi "ɓ" tó ní ìwọ̀ lórí kọ nínú "ɓera", tí í ṣe eku. Fúlàní ní i. Àwọn tó ń sọ Sindhi ní Pakistan ní mẹ́rin irú rẹ̀. Ní agbègbè Owerri, ọ̀pọ̀ ọmọ Igbo ló ń fi ètè nìkan pe "gb", tí afẹ́fẹ́ sì ń wọlé. Shona náà ní i, èdè ọ̀pọ̀ ará Zimbabwe tó ń gbé Johannesburg.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí ẹnu lásán. Ní Zulu, "beka" ni kí èèyàn gbé nǹkan kalẹ̀, "bheka" ni kó wo nǹkan. Ẹni tó ń "bala" ń ka iye, ẹni tó ń "bhala" ń kọ̀wé. Afẹ́fẹ́ kì í wọlé nínú "bh", ó sì máa ń fa ohùn fáwẹ́lì tó tẹ̀ lé e wálẹ̀, ohun tí "b" kì í ṣe. Kìnnìún wọn, "ibhubesi", ní méjèèjì nínú orúkọ kan ṣoṣo.

Yunifásítì Witwatersrand, ní Johannesburg níbẹ̀, wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ gidi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Clement Doke, míṣọ́nnárì tó di ọ̀jọ̀gbọ́n, gbé ìwé jáde lórí ìró èdè Zulu lọ́dún 1926. Nínú ìwé gírámà rẹ̀, "ɓ" oníwọ̀ ló fi ń kọ ìró àfawọlé yìí. Lọ́dún 1936 ni Benedict Wallet Vilakazi, akéwì Zulu, dara pọ̀ mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ṣe ìwé atúmọ̀ èdè Zulu tó jáde lọ́dún 1948, ọdún kan lẹ́yìn ikú Vilakazi. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára òpópónà tí Nelson Mandela àti Desmond Tutu gbé ní Soweto.

"ɓ" kò pẹ́ lórí ìwé. Kò sí lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí akọ̀wé ọ́fíìsì àti olùkọ́ ń lò. Ibi tí àwọn Zulu ti gbọ́n nìyí: wọ́n ju lẹ́tà náà nù, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí ìyàtọ̀ bá a lọ. Wọ́n fi "b" gbẹrẹfu fún ìró àfawọlé náà, wọ́n di ẹrù "h" lé èkejì lórí. Ìdí nìyí tí bàbá fi jẹ́ "ubaba", tí bọ́ọ̀sì sì jẹ́ "ibhasi", tí báńkì jẹ́ "ibhange". Ìró àfawọlé ń rìn lọ́wọ́ òfìfo, èkejì ló ń ru ẹrù.

Kí ni Yorùbá ń ṣe? Ìpàdé tí àwọn míṣọ́nnárì CMS ṣe ní Èkó lọ́dún 1875 fìdí ìlànà kan múlẹ̀: "p" kan ṣoṣo fún ìró tí ẹlòmíì ń kọ ní "kp", àti àmì abẹ́ lẹ́tà fún ẹ, ọ àti ṣ. Lónìí, nínú àtẹ̀jíṣẹ́, lára pátákó ìpolówó, kódà nínú àwọn ìwé ìròyìn kan, àmì wọ̀nyí ti ń pòórá. "Owo" ni wọ́n ń kọ, òǹkàwé ni yóò wá mọ̀ bóyá owó ni, tàbí ọwọ́, tàbí òwò, tàbí ọ̀wọ̀. Ohun kan náà ló ń ṣe Hausa: bí wọ́n bá ń kọ orúkọ Usman Ɗan Fodiyo, ìwọ̀ orí "ɗ" kì í sábà hàn.

Ẹnìkan lè sọ pé Zulu náà kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ olóhùn ni èdè wọn. Òótọ́ ni, òǹkàwé wọn sì ń san gbèsè ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìlànà tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ni. Ti Yorùbá kò rí bẹ́ẹ̀, torí kò sí ìpàdé kankan tó ní kí a pa "ọ" àti "o" pọ̀. Ọ̀lẹ ló pa wọ́n pọ̀.

Àwáwí pé bọ́tìnnì kò sí ti tán. Fóònù òde òní ní Yorùbá lára èdè tí èèyàn lè fi tẹ ọ̀rọ̀. Bí àmì abẹ́ lẹ́tà bá sì ṣòro jù lóòótọ́, àwọn Yorùbá ní orílẹ̀-èdè Benin ń lo "ɛ" àti "ɔ". Ẹ jẹ́ kí àwọn onímọ̀ èdè pe ìpàdé, kí wọ́n jíròrò rẹ̀ ní gbangba. Títí dìgbà náà, kí olóòtú ìwé ìròyìn Yorùbá má ṣe fọwọ́ sí ojú ewé tí kò ní àmì, kí olùkọ́ sì máa dá iṣẹ́ tí kò ní àmì padà fún akẹ́kọ̀ọ́ kó lọ tún un kọ.