Bí Mílíìkì Bá Ń Ru Inú Rẹ, Kì Í Ṣe Àìsàn

Bí inú àgbàlagbà kan ní Ifẹ̀ bá ń kùn lẹ́yìn tó mu mílíìkì, kò yẹ kí a pè é ní aláìsàn. Èròjà ara tí wọ́n ń pè ní lactase ló ń fọ́ ṣúgà inú mílíìkì lára awọ ìfun. Jíìnì rẹ̀ kì í kúrò lára wa. Àmọ́ bí a bá já ọmọ lẹ́nu ọmú tán, ara ọ̀pọ̀ Yorùbá a dín iṣẹ́ rẹ̀ kù. Ní 1971, àwọn olùwádìí Norman Kretchmer, Olikoye Ransome-Kuti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé ṣúgà yìí kì í dà dáadáa nínú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Yorùbá, ṣùgbọ́n ó ń dà nínú ọ̀pọ̀ Fúlàní.

Ẹlòmíràn á ní ìdọ̀tí inú mílíìkì ló ń fa inú kíkùn. Àmọ́ mílíìkì tó mọ́ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kálísíọ̀mù tí à ń rí nínú mílíìkì ńkọ́? Ẹja wẹ́wẹ́ tí a jẹ teegun-teegun ní in. Wàràkàṣì Fúlàní náà ní in, ṣúgà inú rẹ̀ sì kéré. Ẹ má fi túláàsì fún ẹnikẹ́ni ní mílíìkì.