Ẹni Gbé Epo Lájà àti Ẹni Tó Gbà Á Sílẹ̀

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Òwe yìí wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó, bí ó ti wọ́pọ̀ níbi gbogbo nílẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n àwọn tí ń fi í ṣèwà hù kò pọ̀ mọ́. Bí ọmọ ìyá méjì bá dàgbà, tí ọ̀kan di òṣèlú tí ìlú ń wárí fún, tí èkejì di ògbólógbòó ọ̀daràn, kí ni àṣà ní kí ẹbí ó ṣe? Ṣé kí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ ni, àbí kí wọ́n jẹ́ kí ìlú gbọ́?

Ìtàn kan ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Amẹ́ríkà tó yẹ kí tolórí tẹlẹ́mù fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Ní ìlú Boston, inú ilé tí ìjọba kọ́ fún àwọn mẹ̀kúnnù ni James Bulger, tí a bí ní 1929, àti àbúrò rẹ̀ William, tí a bí ní 1934, gbé dàgbà. William kàwé, ó di agbẹjọ́rò, ó sì wọ òṣèlú. Láti 1978 di 1996, òun ni olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ìpínlẹ̀ Massachusetts. Lẹ́yìn náà ó di ààrẹ yunifásítì ìpínlẹ̀ náà. James ní tirẹ̀ fọ́ báńkì, ó sì ṣẹ̀wọ̀n láti 1956 di 1965. Nígbà tó jáde, ó di ọ̀gá ẹgbẹ́ ọ̀daràn tí ń fi ipá gbowó lọ́wọ́ oníṣòwò, tí ó sì ń pa ènìyàn.

Ní ìparí ọdún 1994, bí ìjọba ti ń múra láti gbé e, John Connolly, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tí òun náà jẹ́ ọmọ àdúgbò wọn, ta á lólobó. James fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ní oṣù kìn-ín-ní 1995, ó bá William sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, ṣùgbọ́n àbúrò kò fi tó ọlọ́pàá létí. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí bi í léèrè ní 2001, ó fi yé wọn pé òun kò ka ríran àwọn tí ń wá ẹ̀gbọ́n òun lọ́wọ́ sí ọ̀ranyàn.

Òfin kò fi ẹ̀sùn kankan kan William, ìfẹ́ tó ní sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sì jọ ẹ̀tàn. Síbẹ̀, hẹ̀rẹ̀huru náà kò jẹ́ kí ilé wọn sùn. Ní 2003, lẹ́yìn tó jẹ́rìí níwájú àwọn aṣòfin àpapọ̀, ó fi ipò yunifásítì sílẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, àbúrò wọn John, tó ti jẹ́ akọ̀wé ilé ẹjọ́ rí, gbà pé òun búra èké nítorí James, ó sì fi ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà jura. Ní 2011 ni ọwọ́ tó tẹ James ní California. Ní 2013, ilé ẹjọ́ ní ó lọ́wọ́ nínú ikú ènìyàn 11, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n gbére. Inú ẹ̀wọ̀n ni wọ́n pa á sí ní oṣù kẹwàá 2018, ó ti di ẹni ọdún 89. Àwọn 11 tó kú náà ní ìyá, wọ́n ní ẹbí. Ta ni ó bá wọn rò ó?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni èyí. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án 2015, ọjọ́ tí Olóyè Olú Fálaè pé ẹni ọdún 77, àwọn ajínigbé ya wọ oko rẹ̀ ní Ìlàdó, nítòsí Àkúrẹ́, wọ́n sì gbé e lọ. Àgbà òṣèlú tó ti ṣe mínísítà ètò ìṣúná, tó tún dupò ààrẹ ní 1999, tó sì di Olú Ìlú-Àbò lẹ́yìn náà, ni wọ́n ń wọ́ kiri nínú igbó títí di ọjọ́ 24 oṣù náà. Ní 2017, ilé ẹjọ́ gíga ní Àkúrẹ́ rán ọkùnrin méje lẹ́wọ̀n gbére lórí ọ̀ràn náà. Ajínigbé kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ilé kan ló ti ń jáde. Ilé kan náà ni owó ìràpadà ń wọ̀, tí a sì ń fi í jẹun.

Àṣà Yorùbá kò ní kí ọmọ ìyá kórìíra ọmọ ìyá. Ìpele ìpele ló to ọ̀rọ̀ yìí sí. Ẹni tó kọ́kọ́ fura yóò pe oníwà ìbàjẹ́ sí kọ̀rọ̀, yóò bá a wí. Bí kò bá gbọ́, ọ̀rọ̀ di ti olórí ẹbí àti àwọn àgbà agboolé. Wọn yóò ní kí ó dá ohun olóhun padà. Bí ó bá tún kọ etí ikún, ẹbí yóò yọwọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀, wọn yóò sì jẹ́ kí ìlú gbọ́. Orúkọ olè kì í mọ lórí olè nìkan. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wádìí ìdílé kí a tó fẹ́yàwó, àti kí a tó fi ènìyàn joyè.

Lónìí, àwọn ìpele wọ̀nyí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Òṣèlú ń pe jàǹdùkú ní àbúrò nítorí ìbò. Ẹbí ń ki ọmọ tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ nítorí pé ó ra ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀, láyé àtijọ́, bí ọmọdé bá mú kọ́bọ̀ kan wálé, ìyá rẹ̀ yóò bi í pé, “Níbo ni o ti rí i?” Kò ní gba owó náà títí yóò fi gbọ́ ìdáhùn tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìbéèrè yẹn ni kí àwọn òbí àti olùkọ́ tún gbé dìde, kí àwọn olórí ẹbí má sì bẹ̀rù àtibi olówó inú wọn. Ẹni gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀.