Orin Wákàtí Méjì Tó Wa, Ká Lè Jí Lọ Sọ́jà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń bá ara wa sọ nídìí ìsọ̀, láti Ìyànà-Ìbà dé Òkòkòmáìkò, títí dé mámì máàkẹ́ẹ̀tì inú bárékè Ọ̀jọ́, ṣùgbọ́n bí a bá dé ìpàdé, a ó dákẹ́. A fẹ́ là á mọ́lẹ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ orin ni o, orin tí èèyàn ń kọ níwájú ẹni, kì í ṣe ti rédíò tàbí ti fóònù.

A fẹ́ràn orin. Ta ni kò fẹ́ràn ẹ̀ nínú wa? Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa kò lè lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ mọ́. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé ìpè pé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa to sípíkà. Ọ̀gá olórin á dé ní aago mẹ́wàá, ìgbà tí orin á fi wọra, ilẹ̀ ti ń mọ́ bọ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń ta ata àti tòmátì nínú wa, ìdájí ló gbọ́dọ̀ ti wà lọ́nà Mile 12. Ẹlẹ́ja kò gbọ́dọ̀ pẹ́ dé ibi tí ẹja ti ń já. Oníbúrẹ́dì ń dúró de ọkọ̀ kí àwọn ọmọ iléèwé tó jáde. Ta ló fẹ́ fi ojú oorun ka owó ọjà? Ẹni tó ń tòògbé lè fún oníbàárà ní ṣéńjì ₦1,000 níbi tó yẹ kó fún un ní ₦500. Èrè ọjọ́ náà ti lọ nìyẹn.

Lẹ́yìn ti àkókò, ariwo ló kàn. Sípíkà tó ga ju èèyàn lọ á wà ní ọ̀tún, òmíràn á wà ní òsì, jẹnẹrétọ̀ á máa bú lẹ́yìn kánópì. Ẹni tó jókòó tì yín, ẹ ó máa lọgun sí i létí kó tó gbọ́ pé ẹ ní kó bá yín na omi. Ohun tó ń dùn wá jù ni pé ọ̀rọ̀ ni gángan ń sọ. Ó ń ki èèyàn ni, ó ń pa òwe ni. Tí ariwo bá ti bò ó mọ́lẹ̀, kí la wá lọ gbọ́? Abiyamọ ńkọ́? Ìyá àgbà ńkọ́? Ẹni tí dókítà ní kó máa ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Ibo ni kí wọ́n jókòó sí?

Kì í ṣe pé à ń ṣe àṣejù. Ní oṣù Kẹta 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé tí wọ́n ń pè ní WHO gbé ìlànà jáde fún àwọn ibi tí wọ́n ti ń kọrin. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo. Wọ́n ní kí ariwo ibi orin má kọjá 100 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, kí ibi ìdákẹ́jẹ́ sì wà tí èèyàn ti lè lọ sinmi etí. Nílé wa níbí náà, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ariwo wà láti 2009. Òfin yẹn pín ọ̀sán àti òru níyà: láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀, ariwo tó gbà ládùúgbò tí èèyàn ń gbé kéré gan-an sí ti ọ̀sán. Òfin wà, ètò ni kò sí.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí owó. Kí a tó wọ ibi orin, a ó ra aṣọ ẹbí, a ó ra gèlè, a ó tún wá owó tuntun tí a ó fi na olórin. Bí a ò bá ní owó tí a ó ná, kò sẹ́ni tó máa darúkọ wa, a ó kàn jókòó bí ẹni tó ṣìnà wọlé. Owó nínọ́ yìí gan-an, òfin báńkì àpapọ̀ ti 2007 ti kà á sí ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, àfìgbà tí ilé ẹjọ́ kan l'Ékòó sọ gbajúmọ̀ kan sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí ẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2024. Ṣé owó tí a fi ń ra ọjà la ó wá fi ra ẹjọ́?

Àwọn kan á ní bí orin Yorùbá ṣe rí nìyẹn, pé ariwo àti àìsùn ni adùn ẹ̀. Irọ́ ni o. Nígbà tí jùjú bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, orin pálọ̀ ni. Tunde King, ọmọ Olówógbowó, tó gba orin sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Parlophone ní 1936, èèyàn mẹ́ta péré ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: ẹnìkan á ta báńjò, ẹnìkan á lu jùjú, ẹnìkan á mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń gbọ́ wọn á jókòó tì wọ́n nínú ilé. Ọdún 1949 ni Ayinde Bakare so gìtá tirẹ̀ mọ́ iná. Láti ìgbà náà ni ẹgbẹ́ olórin ti ń tóbi sí i, tí sípíkà sì ń ga sí i.

Ẹ wo Haruna Ishola, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, tó jáde láyé ní 1983. Ìjókòó ló máa ń wà kọ àpàlà, àwọn onílù àti alágídìgbo á yí i ká, kò sí gìtá oníná níbẹ̀. Ẹ wo sákárà ti Yusuf Olatunji, Baba Lẹ́gbà, gòjé àti ìlù pẹlẹbẹ ni. Orin tí èèyàn lè gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ni. Wákà ńkọ́, tí í ṣe orin àwa obìnrin gan-an? Batile Alake gbé e dé inú àwo, Salawa Abeni tẹ̀ lé e, ọdún 1976 ni òun gbé àwo àkọ́kọ́ tirẹ̀ jáde. Ohùn obìnrin, àtẹ́wọ́ àti ìlù ló gbé wákà dúró kí sípíkà tó dé. Nítorí náà, orin tó mọ níwọ̀n kì í ṣe àṣà òyìnbó. Tiwa ni, a kàn gbé e jù sílẹ̀ ni.

Ní Èkó wa yìí náà, ibi tí èèyàn ti lè jókòó gbọ́ orin wà. MUSON Centre wà ní Oníkan: àga wà, orin ní àkókò tó ń bẹ̀rẹ̀ àti àkókò tó ń parí. Ṣùgbọ́n láti Òkòkòmáìkò dé Oníkan ńkọ́? Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹsàn-án 2023, láti Marina, Mile 2 ló ń dúró sí. Ẹni tó bá fi owó dánfó, owó ojú irin àti owó tíkẹ́ẹ̀tì pọ̀ mọ́ra, owó ata ọjọ́ mélòó kan ti bá a lọ. Ibi tí a wà ló yẹ kí orin wá bá wa.

Àwọn míì ti ṣe irú ẹ̀ rí, ìgbà tó le ju tiwa lọ ni wọ́n sì ṣe é. Ní 1939, nígbà tí ogun Hitler bẹ̀rẹ̀, wọ́n paná gbogbo ìlú London lálẹ́ nítorí bọ́ǹbù, gbogbo ilé orin sì tì. Obìnrin kan tó ń tẹ dùrù, Myra Hess, ló ní kí wọ́n máa kọrin lọ́sàn-án nínú ilé àwòrán ìjọba. Nǹkan bí wákàtí kan ni, lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, ṣílè kan ni owó ìwọlé. Akọ̀wé, ọmọọṣẹ́, sójà, gbogbo wọn ń wọlé, wọ́n á gbọ́ orin, wọ́n á padà síbi iṣẹ́. Títí di 1946 ni wọ́n fi ṣe é, ó sì lé ní 1,600 ìgbà. Bí àwọn tí bọ́ǹbù ń bọ́ lù bá lè fi àkókò orin bá àkókò iṣẹ́ mu, kí ló dé tí àwa ò lè ṣe é?

Ìmọ̀ràn wa rèé. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ wa máa ṣe ètò orin lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní ọjọ́ Àìkú, láti aago mẹ́rin sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ìgbà yẹn, àwọn ẹlẹ́ṣìn méjèèjì ti ṣe ìsìn tán, ẹni tó fẹ́ se ọbẹ̀ alẹ́ ṣì ráyè. Ká gba gbọ̀ngàn kékeré tó gba ọgọ́rùn-ún èèyàn, tó ní fèrèsé tó pọ̀, tó sún mọ́ ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń dúró. Àga tó ní ẹ̀yìn ni ká tò, kì í ṣe bẹ́ǹṣì. Máíkì kan ṣoṣo fún ẹni tó ń lé orin ti tó, ìlù kò nílò sípíkà nínú yàrá. Kò sí aṣọ ẹbí, kò sí owó nínọ́. Tó bá di aago mẹ́fà, ó parí.

Àwọn olórin á ní, "Ẹ̀yin ìyá, kí la ó jẹ?" Ìbéèrè gidi nìyẹn, kò yẹ ká fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Owó nínọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbójú lé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọrin di àárọ̀, torí bí ilẹ̀ bá ṣe ń ṣú ni ọwọ́ olówó ń yọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ bí ọlọ́jà. Bí ọgọ́rùn-ún èèyàn bá san ₦1,500 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ₦150,000 nìyẹn. Bí olórin àti onílù bá jẹ́ méje, tí a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦15,000, ₦105,000 ni. Ó ku ₦45,000 fún gbọ̀ngàn, àga àti omi tútù. Owó tí wọ́n mọ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé ni, wọn ò ní í gbé jẹnẹrétọ̀, wọn ò ní í gba ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n á sì tún ráyè lọ sí òde míì lálẹ́. Onísákárà àti aláàpàlà àgbà tí ẹnikẹ́ni ò pè sí òde mọ́, àwọn ló yẹ ká kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí. Bí a ò bá pè wọ́n nígbà tí ọwọ́ wọn ṣì lè lu ìlù, ta ló máa kọ́ àwọn ọmọ wọn?

A ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe òde ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀ o. Ẹni tó bá fẹ́ jó mọ́jú, kó jó mọ́jú, inú wa á bá a dùn. Ohun tí à ń bèèrè ni pé kí àyè wà fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ orin, kó gbọ́ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, kó sanwó tí apá ẹ̀ ká, kó sì padà sílé kí oòrùn tó wọ̀ tán.

Ẹ bá àwọn aṣojú ìlà yín sọ̀rọ̀ kí ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀ tó dé. Ẹ sọ bóyá ₦1,500 pọ̀ jù, ẹ sọ ọjọ́ tó rọrùn fún yín, ẹ sọ olórin tí ẹ fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún la ti fi ń náwó fún orin tí a kì í lè jókòó gbọ́ parí. Ó tó gẹ́ẹ́.

Ajé á máa bá wa gbé, etí wa kò ní í di sí ọ̀rọ̀ ayọ̀. Àmín o.